Ìyá Mi Kò Lọ sí Ìpàdé Kankan

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú òjò, ẹ kú ìyà kòkó tó ń dúdú lórí igi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ tutù bí ikùn ẹja. Mo kí Bọ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ore. Mo kí gbogbo ará Ajue tó ń béèrè mi. Àwọn tí kò béèrè mi, mo kí àwọn náà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn wọ́n ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kí Tíṣà, ayálégbé wa, tí ìjọba gbé wá láti Ṣakí wá kọ́ àwọn ọmọ wa, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí láti ojú fóònù rẹ̀. Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé nígbà tí ẹ ka lẹ́tà mi tó kọjá, ẹ fo ibi tó korò, ẹ ní òjò ló pa ibẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má fo nǹkan kan. Bí Bàbá bá bínú, èmi ni kí wọ́n bínú sí.

Bàbá mi, ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà ilé sí gbangba, tí ẹni tí kò mọ̀ wá rí á máa kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè yín lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gé e mọ́ mi létí. Ẹ ní ọmọ kì í ti òkè òkun pàṣẹ fún bàbá rẹ̀. Mo gbà. Ẹ tún ní ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde síta. Ìyẹn ni n kò gbà, nítorí kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ mú un jáde. Àwọn ará ilé àdúrà yín ló fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde ìyá mi, wọ́n sì kọjú ẹnu rẹ̀ sí títì kí àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá lè gbọ́. Ẹni tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ ìyá mi kò lè ní kí èmi sọ tèmi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, bí Bọ́sẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi, nìyí. Ìyá mi jókòó ti agbada gàrí láàárọ̀, oòrùn ti là. Oorun gbé e lọ níbi tó ti ń yan gàrí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì balẹ̀ sínú agbada gbígbóná. Awọ àtẹ́lẹwọ́ bó. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń tòògbé nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó, tó ń tòògbé lórí ọ̀kadà, tó ń jí láàárọ̀ tòun ti ẹ̀fọ́rí, tó ń pe ọmọ Bọ́sẹ̀ ní orúkọ mi. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé obìnrin tó wọlé sùn kí adìyẹ tó wọlé, kí ló dé tí oorun tún ń pa á ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ilé àdúrà ni wọ́n gbé e lọ.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní ìhà àwọn obìnrin. Ó sùn. Ó hanrun bó ṣe máa ń hanrun. Nígbà tó yá, ìhanrun náà dákẹ́ lójijì, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé, títí tó fi fa èémí gbàáà, bí ẹni tó yọ orí jáde nínú odò. Ó tún hanrun. Ó tún dákẹ́. Àwọn ìyá ìjọ tó jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ọ̀kan ní ẹ wò ó, ó ti lọ. Èkejì ní ó ti dé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Wòlíì ti ríran: ó ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi dákẹ́ yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ló jáde lọ sí ìpàdé àwọn àgbà.

Ìpàdé! Bàbá, nígbà tí Bọ́sẹ̀ sọ ọ́, mo rẹ́rìn-ín tí ikọ́ fi gbé mi. Ìpàdé wo ló ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí kí ènìyàn tó gbé itọ́ mì? Ìpàdé ẹgbẹ́ oníkòkó tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ akápò rẹ̀, kí alága tó kí àwọn tó wà lórí àga ọlá tán, oòrùn ti ń wọ̀. Ṣé àwọn àjẹ́ Ajue nìkan ló wá mọ bí a ṣe ń ṣe ìpàdé kíákíá? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi wọ́n jẹ káńsẹ́lọ̀, kí wọ́n wá tún ọ̀nà wa ṣe.

Àwọn ọlọ́gbọ́n yìí wá dá ìwòsàn sílẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí ilẹ̀ àánú inú ilé àdúrà náà. Wọ́n ní kí ó máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ó dojú kọ òrùlé, kí wọ́n sì gbé Bíbélì ńlá lé e láyà kí ẹ̀mí náà má baà rí ọ̀nà jáde. Wọ́n ní kí Bọ́sẹ̀ rán aṣọ funfun tuntun fún un. Bọ́sẹ̀ rán an, torí kò mọ̀. Alẹ́ tí kì í bá ṣe ti ẹní àti Bíbélì, àìsùn ni, Ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé agogo kiri á sì wá lù ú sí i létí bí ojú rẹ̀ bá ti ń pa dé.

Mo mọ agogo yẹn dáadáa. Inú ìjọ yẹn ni mo dàgbà sí, wọ́n sì ti lù ú sí mi létí rí. Ṣùgbọ́n etí kan wà tí kò tíì dé. Bàbá Ìjọ, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ gbogbo wa, ọrùn rẹ̀ tóbi bí ìdí ọ̀pẹ, àga onítìmùtìmù sì ni tirẹ̀ níwájú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ìwàásù kan tó gbọ́ parí. Á hanrun títí gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ á di agogo mú kí ó má ṣe dún, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá. Àwọn akọrin á rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní oorun ọlá ni. Wọ́n ní ẹni tí nǹkan ẹ̀ bá tó o ló ń sùn báyẹn. Ẹ̀yin alára sọ fún mi nígbà kan pé kí n jára mọ́ṣẹ́, kí èmi náà lè rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn lọ́jọ́ alẹ́.

Ìhanrun Bàbá Ìjọ náà máa ń dákẹ́ o. Ìjókòó kejì sí tirẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́pọ̀ ọdún, etí mi kò di. Á dákẹ́, ojú rẹ̀ á wú, á fa èémí gbàáà, ìwé orin á jábọ́ lórí itan rẹ̀. Bí dídákẹ́ bá jẹ́ ìpàdé, a jẹ́ pé Bàbá Ìjọ ni alága wọn, ìyá mi kò ju ẹni tó ń to àga lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Òun ló fi páànù bo ilé àdúrà. Ìhanrun kan náà: lára olówó, ó di ọlá, lára obìnrin tó ń yan gàrí, ó di àjẹ́.

Ẹni tí wọ́n sì ń yìn náà, wọ́n ń pa á lọ ni. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ kòtò lọ́sàn-án gangan lójú ọ̀nà Ore, tí kò sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn? Wọ́n ṣe ìdúpẹ́, wọ́n pa màlúù, wọ́n ní ọ̀tá ló ta á. Kò sí ẹyọ ènìyàn kan tó láyà láti sọ fún un pé oorun ló gbé e lọ nídìí ọkọ̀. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba rí. Síbẹ̀, ẹ ní mo ní kí ó lọ rí dókítà. Àìsàn kan náà ló ń bá òun àti ìyá mi jà. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ìtìjú ni wọ́n fi bo ti ìyá mi.

Ẹ óò ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ó ń ṣe èmi náà ni.

Ibi iṣẹ́ mi níbí, ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń di kárọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá ni. Òtútù inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Mo máa ń sùn lórí ìdúró, kárọ́ọ̀tì á máa kọjá lọ níwájú mi. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ọ̀lẹ ni mí, ó ní gbogbo àwa tí a ti ilẹ̀ gbígbóná wá, bẹ́ẹ̀ la ṣe rí. Ọ̀gá yìí kan náà máa ń sùn nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí a ń gbọ́ ìhanrun rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Bàbá, nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé ilé àdúrà Ajue ní ẹ̀ka níbí.

Kọ̀fí, ọmọ Gánà tí a jọ ń gbé yàrá kan, ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ní òun kò lè máa bá òkú tó ń jí gbé. N kò gbà á gbọ́, mo ní irọ́ ni, mo ní àlá ló ń lá. Ó fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ó gbé e sí mi létí nígbà tí mo jí. Bàbá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo di fóònù náà mú. Ohùn ìyá mi ni. Ìhanrun, ìdákẹ́, gbàáà. Ohun tí mo ń gbọ́ lára ògiri láti kékeré, tí mo fi ń mọ̀ pé mo wà nílé. Àárò ilé tí kò tíì mú mi tó bẹ́ẹ̀ rí ló mú mi, Kọ̀fí sì rò pé òun ti ṣẹ̀ mí.

Mo lọ rí dókítà. Ẹ má rò pé mo fẹ́ yìn wọ́n. Ó yọ ìwé kan, ó ń bi mí ní ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣé mo sanra, ṣé ọrùn mi tóbi, ṣé mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣé ìyàwó mi máa ń ráhùn pé mo ń hanrun. Mo ní n kò sanra, n kò ní ìyàwó, Kọ̀fí ló ń ráhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo èmi tí mo gbẹ bí igi iṣu, ó ní kí n dín iṣẹ́ alẹ́ kù kí n sì máa tètè sùn. Ìwé tí wọ́n fi ìwọ̀n Bàbá Ìjọ gé, wọ́n fẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kọ̀, n kò dìde lórí àga. Ẹ mọ̀ mí. Mo ní bí wọn kò bá yẹ̀ mí wò, ibẹ̀ ni màá ti sùn kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ni wọ́n pè kí ó wá bá mi sọ̀rọ̀. Kò wo ọrùn mi rárá. Ó ní kí n kọ ẹ̀gbẹ́ sí òun, ó wo àgbọ̀n mi, ó ní kí n la ẹnu. Ó bi mí pé ta ni mo fi àgbọ̀n jọ nílé. Mo ní ìyá mi. Ó ní àgbọ̀n wa kéré, ó sì fà sẹ́yìn. Bí a bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ahọ́n á ṣubú padà sẹ́yìn, á dí ọ̀nà ọ̀fun, èémí kò ní rí ibi gbà. Ó ní ara ló ń jí wa kí a má baà kú, ìdí nìyẹn tí a fi ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí a kò sì sinmi. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan tí mo so mọ́ ìka àti àyà sùn. Ó ka iye ìgbà tí èémí mi ń dúró láàárín wákàtí kan, ó ju iye ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi lọ.

Mo bi nọ́ọ̀sì náà nípa ìyá mi. Ó ní àwọn ènìyàn rò pé àìsàn ọkùnrin tó sanra ni. Ó ní bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, ó lè mú un gẹ́gẹ́ bó ṣe ń mú ọkùnrin, ṣùgbọ́n obìnrin kì í fẹ́ sọ pé òun ń hanrun. Á ní orí ń fọ́ òun, á ní ó rẹ òun, wọ́n á sì ní ìrònú ni. Ó ní àwọn tó ń dá sùn ló burú jù fún, torí kò sí ẹni tó ń gbọ́ wọn.

Àgbọ̀n, Bàbá mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyá mi wọlé yín, àwọn àbúrò yín obìnrin ní ìyàwó yìí dára, àfi pé ó gbàgbé àgbọ̀n sílé bàbá rẹ̀. Gbogbo Kérésì lẹ máa ń tún un sọ fún àlejò. Àgbọ̀n yẹn náà ni mo gbé rìn dé ibí. Bó bá sọ ìyá mi di àjẹ́, èmi náà ti di ọ̀kan lókè òkun. Kí Wòlíì wá mú mi. Kí ó kọ́kọ́ lọ tò fún físà.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Tíṣà, ẹ kà á jáde.

Láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta lẹ ti kó kúrò ní yàrá ìyá mi lọ sí pálọ̀. Ẹ ní ìyá wa ń la pákó. Ẹ ní àwọn ilé ìlagi ní Ore máa ń ṣíwọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ti ìyá wa kì í ṣíwọ́. Ẹ sọ ọ́ níbi ìkómọ, ẹ sọ ọ́ níbi ìsìnkú, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. N kò bínú sí àwàdà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Wòlíì dúró níwájú ìjọ tó béèrè pé ta ló lè sọ ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára obìnrin yìí, gbogbo Ajue, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ó ti lé lógún ọdún, pé oorun lásán ni, pé ó ń jí láàárọ̀ ó sì ń gbé omi ìwẹ̀ yín kaná. Bọ́sẹ̀ ní fìlà yín lẹ ń wò. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ilé ìlagi níbi gbogbo kò rí ẹnu sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí ó jáde síwájú kí ó jẹ́wọ́. Bọ́sẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹní, ó bi í pé kí ló fẹ́ sọ. Ìyá mi ní òun á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́sẹ̀ pariwo, ó ní Màámi, ohun tí ẹ kò ṣe? Ìyá mi ní kí Bọ́sẹ̀ rọra, kí ó jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó ní bí òun bá ti sọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí òun lọ sùn.

Bàbá, ẹ gbọ́. Ìyá mi fẹ́ gbà pé àjẹ́ ni òun kí ó lè rí oorun sùn. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa ra gàrí rẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé ọkọ Bọ́sẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀. Oorun náà kò sì ní wá.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Àìkú tó pé, ẹ lọ mú un wálé. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ, ẹ má rán Bọ́sẹ̀, torí wọn kò ní dá a lóhùn. Kí Bọ́sẹ̀ mú aṣọ funfun tó rán yẹn, kí ó rán àpò kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín èjìká méjèèjì, kí ó kó ekùrọ́ sínú rẹ̀ kí ó le dáadáa, kí ó sì dí i. Bí ìyá mi bá fẹ́ yí ẹ̀yìn lélẹ̀ lójú oorun, ekùrọ́ á gún un, á padà sí ẹ̀gbẹ́. Bọ́ọ̀lù kékeré ni Kọ̀fí fi ṣe tèmi kí ẹ̀rọ tí mo ń lò sùn báyìí tó dé. Ekùrọ́ kò ní wò ó sàn tán, ṣùgbọ́n èémí á rí ọ̀nà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn oorun fún un ní kẹ́mísì. Kí ó má jókòó ti agbada mọ́ títí dókítà á fi rí i. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pé kò sanra lé e padà. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e, ẹ jókòó, ẹ má dìde. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tèmi, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ imú, ló máa nílò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti iná sólà tó máa gbé e, ọrùn mi ló wà. Mo mọ iná Ajue, n kò ní tan ara mi.

Lálẹ́ tí ẹ bá mú un dé, ẹ gbé àga lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹ jókòó. Nígbà tó bá dákẹ́, ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí ẹ ó fi gbọ́ gbàáà. Ẹ fi iye rẹ̀ sọ́kàn. Bí wọ́n bá pè é síwájú lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin ni kí ẹ dìde. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ jókòó tì í, ẹ kà á, kò sì lọ síbì kankan. Níwájú yín níbẹ̀ ló wà, tó ń wá èémí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Kòkó yín kò ní rà tán, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀. Ẹ bá mi kí Tíṣà, wọ́n ti ka ibi tó le kọjá. Ẹ kí Bọ́sẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ kí Bàbá Ìjọ, ẹ ní kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹ kí Ẹ̀ṣọ́, ẹ ní kí ó gbé agogo rẹ̀ dé iwájú nígbà mìíràn. Ẹ kí ìyá mi, ẹ ní mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù Kọ̀fí, mo sì mọ ohùn náà.

Èmi ni ọmọ yín tó gbé àgbọ̀n ìyá rẹ̀ dé òkè òkun,
Akinṣọlá